Mo Ta Irin Ọkadà Agunkè Títí Irun Mi Fi Funfun

Iṣẹ́ tí mo fi jẹun ní Toronto, kò sí ìyá tó máa gbàdúrà rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ìyá tèmi gan-an, nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ n'Íbàdàn lọ́hùn-ún títí mo fi rò pé káàdì ti tán. Wọ́n wá ní, "Kíkẹ́, o gun ọkọ̀ òfuurufú lọ sílùú òyìnbó kí o lè máa ta àlòkù irin?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n àlòkù irin òyìnbó ni."

Ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ẹ máa ń yí mi ká lẹ́yìn ìsìn, tí ẹ ń bi mí pé, "Àǹtí, ṣé kí n ṣe nọ́ọ̀sì ni àbí kí n kọ́ kọ̀ǹpútà?", èmi ò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì sùn nínú mẹ́ta níbẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Ẹ jókòó kí n sọ ọ́ fún yín, bó bá sì sú yín, kẹ́ẹ̀kì wà lórí tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mò ń tà, kí ẹ má baà rò pé ọkadà tó ń gbé èrò ni. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn bàbá wa ṣì ń wọ ṣòkòtò kúkúrú lọ síléèwé, àwọn òyìnbó kan wà tí títì ọlọ́dà kò tó wọn. Ibi tí ewúrẹ́ ń bẹ̀rù àtidé ni wọ́n ń gbé ọkadà lọ: inú ẹrẹ̀, inú odò, orí àpáta, òkè tó ń yọ̀ bí ilá. Wọ́n sì fi ń díje. Ìdíje kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló gbégbá orókè. Òmíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í sáré níbẹ̀ rárá. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń gun àpáta, ẹni tó bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ti pàdánù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣàlàyé èyí fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Àgbàlagbà ọkùnrin, ó wọ bàtà tó dé orúnkún, ó ń gbàdúrà kí ẹsẹ̀ òun má kanlẹ̀!

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń ṣe ọkadà nígbà náà, ṣùgbọ́n tiwọn wúwo bí àgbá omi. Àwọn kéékèèké ló wá sọ pé àwọn á ṣe èyí tí yóò gun òkè. Kéékèèké tí mo wí yìí, ẹ má fojú ilé-iṣẹ́ wò ó. Òmíràn wà nínú ilé tí wọ́n ti ń so ẹṣin mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òmíràn jẹ́ ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Òmíràn ò tiẹ̀ fi páìpù ṣe iwájú ọkadà tirẹ̀. Ṣe ló yọ́ aluminiọ̀mù, ó dà á bí ẹni da ìkòkò, gbogbo ayé sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi ń fi wọ́n sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Wọ́n lè ra ẹ́ńjìnnì níbòmíràn o, ṣùgbọ́n fúréèmù, egungun ọkadà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n sì ń na àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lálùbolẹ̀. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Japan gbé tiwọn dé, tó fúyẹ́, tó sì yára, ni àwọn kéékèèké yìí bá kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe kò kú. Àwọn òyìnbó tó ṣí wá sí Canada gbé e dání wá. Ó wà nínú àká àwọn àgbẹ̀ lápá Whitby, lábẹ́ koríko gbígbẹ, kí wọ́n tó kọ́ ilé rẹpẹtẹ síbẹ̀. Àwa là ń wá a jáde, là ń fọ̀ ọ́, là ń tà á fún àwọn tí orí wọn dà rú lórí rẹ̀.

Bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀ kò gùn. Mo ti ta ẹ̀yà ara ọkadà rí n'Íbàdàn kí ọkọ mi tó mú wa wá. Lọ́jọ́ kan ní Weston, bọ́ọ̀sì pẹ́, òtútù fẹ́ gé mi létí, mo bá sá wọ ṣọ́ọ̀bù kan. Oníbàárà kan ń ná irin ọkadà kan lọ́wọ́, bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù sì fẹ́ gbà fún un. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là: "Bàbá, ẹ má gbà! Ẹ ò rí i bó ṣe dì í mú bí ọmọ tuntun? Á san án." Oníbàárà wò mí, ó wo bàbá, ó san án. Bàbá ní, "Ta wá nìyí?" Mo ní, "Ẹni tí òtútù ń pa ni." Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn. Owó iṣẹ́ ńkọ́? Ó tó jẹun, kò tó yangàn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Wilf lorúkọ bàbá náà. Ọ̀gá Wíìfù lèmi ń pè é. Ajórinmọ́rin ni nígbà èwe rẹ̀, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré tí mo sọ yẹn, kó tó ṣí wá sí Canada. Ó gùn, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹlòmíràn bá ṣàṣìṣe. Gbogbo winter àkọ́kọ́ tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, fífọ̀ ni mò ń fọ irin. Kẹrosíìnì, búrọ́ọ̀ṣì, èékánná mi dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bí mo bá bèèrè pé, "Ọ̀gá, èló la máa ta èyí?", á ní, "Kí ló ń ṣe lára ọkadà?" Mi ò mọ̀. "O ò mọ̀ ọ́n, o fẹ́ tà á. Ṣé olè ni ẹ́ ni?" Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà ti bú àwọn oníbàárà báyìí rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó sọ fúréèmù kan kalẹ̀ lára òrùlé, níbi tó fi í kọ́ sí. Ó ní, "Gbé e." Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo mí kanlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, díẹ̀ ló kù kí n fi fọ́ fèrèsé. Kò wúwo! Ẹ̀yin ọmọ, mo ti gbé fúréèmù ọkadà tó pọ̀ láyé mi, mi ò gbé irú èyí rí. Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì, mo ń yí i bí agboòrùn. Níkẹ̀lì ni wọ́n fi wẹ ara rẹ̀, ó ń kọ mànà bí fàdákà. Mo wá wo ojú ibi tí wọ́n ti fi idẹ jó àwọn páìpù pọ̀ mọ́ra. Ìlà wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́, kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ, bí orí tí onídìrí tó mọṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ṣùkú sí. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi bóyá ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá Wíìfù ní, "Ènìyàn kan ló fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe é. Ó ń mu sìgá lọ́wọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù."

Wọn kò jẹ́ kí àwọn ajórinmọ́rin wọ̀nyẹn kọ orúkọ wọn sára iṣẹ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní bó ṣe ń parí ìlà tirẹ̀. Ọ̀gá a máa fi àtàńpàkò ra á: "Èyí ni ti Arthur, ọ̀lẹ ni. Èyí ni ti Len. Wò ó bó ṣe wọ́, ìyàwó rẹ̀ ti bínú jáde nílé lọ́sẹ̀ yẹn." Mo rò pé irọ́ ló ń pa títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn mọ̀ fúnra mi.

Ó wá ní òfin kan tó jẹ́ pé bó bá ti fẹ́ sọ ọ́, á kọ́kọ́ bọ́ fìlà. Nínú irú ọkadà wọ̀nyí, àwọn kan wà tí wọn kò ní táǹkì ọ́ìlì. Inú páìpù fúréèmù gan-an ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń gbé. Fúréèmù ni egungun, òun náà ni ìkòkò. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n torí bẹ́ẹ̀, bí irú fúréèmù yìí bá dípẹtà, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fẹ́ yanrìn sí irin kó lè mọ́. Yanrìn á wọ inú páìpù, á sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti jó o. Ẹ fọ̀ ọ́ títí, kò ní jáde. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì lé e, tí ọ́ìlì gbígbóná bá kọjá níbẹ̀, ọjọ́ náà ló máa jáde, á sì jẹ ẹ́ńjìnnì bí ikán. "Ọwọ́ la fi ń ha á," Ọ̀gá á ní. "Ọwọ́ àti sùúrù. Ẹni tó bá fẹ́ kó yá, kó lọ ta ráìsì." Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ò tíì ta ráìsì rí."

Iná ńkọ́? Kò jẹ́ kí n fi kan iṣẹ́ oníbàárà láé. "Ẹnu rẹ ló wúlò fún mi." Ṣùgbọ́n bí yìnyín bá pọ̀ níta tí oníbàárà ò wá, á fún mi ní páìpù tó ti bàjẹ́, á tan iná gáàsì, á ní kí n máa fi dánra wò. Ó wo ìlà àkọ́kọ́ tí mo jó, ó ní, "Ìgbẹ́ ẹyẹlé." Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó wo òmíràn, ó ronú, ó ní, "Ìgbẹ́ adìyẹ." Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ìgbéga ni.

Ọdún ń yí, irinṣẹ́ ń yí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bí a bá ń wá písítìn kan, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, Ọ̀gá á kọ lẹ́tà sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, a ó wá máa retí èsì bí ẹni retí òjò. Lẹ́yìn náà ó di fóònù. Lẹ́yìn náà Tèmi, ọmọ mi obìnrin, gbé ṣọ́ọ̀bù wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó wá bá mi ṣàpèjúwe kábúrétọ̀ kan fún oníbàárà, ó ní, "Mum, just take a picture." Mo ya fọ́tò. Kí n tó gbé tíì mi mu tán, ọkùnrin kan ní Australia ti rà á. Orí mi wú! Ṣùgbọ́n ayédèrú náà dé. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ tẹ ẹ̀yà ara jáde bí ẹni tẹ ìwé, ó dán, ó mọ́, kò sì ní ọkàn. Ẹ gbé e sétí, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lù ú, ẹ ó gbọ́ ọ: ó ń dún kò, bíi orí ẹni tí kò gbọ́ ìmọ̀ràn.

Ó wá ku àjálù tó bá wa.

Fúréèmù kan ṣoṣo ló wà tí Ọ̀gá Wíìfù fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí ẹlòmíràn ò bá a fọwọ́ kàn. Ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀ ni nígbà náà. Wọ́n tà á, ó lọ, ó gbàgbé rẹ̀. Àfi ìgbà tí àgbẹ̀ kan lápá Whitby ń ta ilẹ̀ rẹ̀, tó ní ká wá wo irin nínú àká. Ọ̀gá fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ fúréèmù kan nínú òkùnkùn ibẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Kíkẹ́, èmi rèé." Irú èyí tó ń gbé ọ́ìlì nínú ni. Ọdún mélòó kan ló fi wá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jọ. Ohun kan ló ń fẹ́: kí ó gbọ́ ọ kó gun òkè, òkè ẹrẹ̀ tí àwọn ọlọ́kadà àtijọ́ ti ń pàdé nígbà ìrúwé àti nígbà tí ewé ń rẹ̀. Délé ló máa gùn ún. Délé jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń wa tírélà ní Woodbridge, tó wá ra nǹkan kékeré lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan, tí àìsàn ọkadà yìí mú un.

Mo lọ sílé lọ sin ìyá mi lọ́dún yẹn. Nígbà tí mo padà, fúréèmù ti wà nílẹ̀, níkẹ̀lì tuntun lára rẹ̀, ó ń dán gbinrin. Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló ha ìpẹtà rẹ̀?" Ó ní, "Èmi ni." Ta ni mo fẹ́ já nírọ́?

Lọ́jọ́ ìpàdé, Délé tẹ ẹ̀rọ, ó ké bí ẹkùn. Ó bẹ̀rẹ̀ òkè náà, ẹrẹ̀ ń fò lẹ́yìn rẹ̀. Ó dé àárín, a gbọ́ igbe kan tí kì í ṣe ti ẹkùn mọ́, bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ ha àwo. Táyà ẹ̀yìn dì pa. Délé gba orí ọkadà kọjá, ó fi ojú lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò ṣèṣe. Ó dìde, eyín rẹ̀ dúdú, ó ní, "Àǹtí, kí ni mo ṣe?"

A gbé e dé ṣọ́ọ̀bù. Mo da ọ́ìlì rẹ̀ sórí aṣọ funfun. Ohun tó kù lórí aṣọ nígbà tí ọ́ìlì fà tán, bíi gààrí tó kúnná ni. Mo wo Ọ̀gá. Mo ní, "Ọ̀gá, báwo ni yanrìn ṣe wọ ibí?"

Ó ní, "Mi ò rí ìpẹtà náà mọ́, Kíkẹ́. Mo ń fi ọwọ́ ha á, mi ò mọ ibi tó mọ́ àti ibi tí kò mọ́. Mo ní kí wọ́n bá mi fi ẹ̀rọ fẹ́ yanrìn sí i ní Woodbridge."

Ojú rẹ̀ ti ń kú, ó sì ń fi í pamọ́ fún wa. Ọ̀gá tó ń bọ́ fìlà kó tó sọ òfin yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló rú u. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Dókítà ní ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú rẹ̀ kò ní pẹ́ lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Vancouver kí winter tó dé. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n ta fúréèmù náà fún àwọn alájẹkù irin, kí wọ́n yọ́ ọ. Ìpàdé kan ṣoṣo ló kù kó tó lọ, ti ìgbà tí ewé ń rẹ̀. Bí ọkadà náà ò bá gun òkè lọ́jọ́ yẹn, kò ní gbọ́ ọ mọ́ láyé.

Mo ní kí Délé gbé fúréèmù náà, a gbé e lọ sílé rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn. Mo ní, "Ọ̀gá, alájẹkù irin ò sí nílé, mo bá gbé e wá fún yín."

"Kíkẹ́, yanrìn yẹn ò lè jáde. O mọ̀."

"Bí a bá gé abẹ́ páìpù, á jáde. Ká fọ̀ ọ́, ká fi irin dí i padà."

"Ta ló máa jó o? Àwọn ajórinmọ́rin ìsinsìnyí, iná mànàmáná ni wọ́n ń lò. Á le jù fún páìpù tó fẹ́lẹ́ yìí, á ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mi ò ríran."

"Ó wá ku èmi."

Délé ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, èmi ni mo máa gùn ún o!"

Mo ní, "Gbé ẹnu sọ́hùn-ún. Ṣé ẹrẹ̀ ọjọ́sí ò tíì tán lẹ́yìn eyín rẹ ni?"

Mo rí i tí ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ọ̀gá. Ó lọ mú kóòtù rẹ̀.

A gé abẹ́ páìpù náà. A fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, a tún un fọ̀, torí bí òórùn ọ́ìlì bá kù nínú rẹ̀ tí iná bá kàn án, bọ́ǹbù ló máa dà. Yanrìn ń jáde, ó ń jáde, títí omi fi mọ́ débi tí ènìyàn lè mu ún. Mo wá tan iná.

Ọ̀gá Wíìfù jókòó tì mí, ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, ó pajú dé. Nítorí ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ni mo ṣe ń sọ ìtàn yìí fún yín. Ọkùnrin yìí ò wo iná, ó ń gbọ́ ọ. "Dín in kù, ó ń pariwo." Mo dín in kù. "Ó tó. Dúró. Má tíì fi idẹ kàn án." Ó ń fi imú fa afẹ́fẹ́. "Nísinsìnyí." Mo fi idẹ kàn án, ó sì ṣàn wọlé bí òyin, láìjẹ́ pé mo tì í. "Sún síwájú. Sún. O dúró pẹ́ jù, ó ń bínú." Irin ń bínú, ó gbọ́! Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìlà náà fi pé. Mo pa iná. Àágùn ti rẹ aṣọ mi.

Nígbà tó tutù, ó fi àtàńpàkò ra á láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Mo ní, "Ọ̀gá, adìyẹ ni?"

Ó tún ra á. Ó ní, "Ẹyẹ yìí, mi ò mọ orúkọ rẹ̀."

Ẹ́ńjìnnì tó jẹ ara rẹ̀ tán ńkọ́? Ìyẹn ni iṣẹ́ ẹnu. Mo fi WhatsApp da gbogbo ìlú Gẹ̀ẹ́sì láàmú. Ìyá opó kan ní písítìn tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú fi ìwé ìròyìn dì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó lóun ò tà. A sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ títí ó fi sunkún, tí èmi náà sunkún, ó sì tà á fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ gbọ́ mi: kò sí iṣẹ́ tí ó kéré. Iṣẹ́ tí ẹ̀rù ọgbọ́n inú rẹ̀ kò bá bà yín rí, ìyẹn ni kí ẹ sá fún. Èyí tó bá mú yín dákẹ́ lójijì, ẹ dúró tì í, ẹ jẹ́ kó nà yín.

Ọjọ́ ìpàdé dé. Òjò ti rọ̀, òkè náà ń yọ̀. Mo di Ọ̀gá lọ́wọ́ mú lọ sétí okùn tí wọ́n fi pààlà. Délé gun ọkadà, ó fi ọwọ́ kan abẹ́ páìpù tí mo jó, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ ka àdúrà. Ó lọ.

Ó dé àárín òkè. Ó kọjá àárín. Ó wọ ẹ̀yìn igi tí ewé rẹ̀ pọ́n bí iná, a ò rí i mọ́, ariwo náà sì rẹlẹ̀. Mo ní ó tán. Ọ̀gá fún mi lọ́wọ́ pọ̀, ó ní, "Dákẹ́." Èmi kò sọ̀rọ̀ o, àyà mi ló gbọ́. Lójijì ariwo náà tún yọ, lókè téńté, ó mọ́ gaara, ó ń dún bí ẹni tí ń pe orúkọ ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn hó yèè. Ọ̀gá Wíìfù bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé ojú sókè síbi tí ohùn náà ti ń wá. Ẹrẹ́kẹ́ rẹ̀ tutù, òjò sì ti dá.

Òyìnbó kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti wo abẹ́ ọkadà náà fínnífínní láàárọ̀. Ó ní, "Bàbá, ìlà tó wà lábẹ́ páìpù yẹn, ẹ̀yin lẹ jó o?"

Ọ̀gá ní, "Rárá. Ọ̀gá tó jó o nìyẹn." Ó nawọ́.

Ìdí ọkọ̀ tí wọ́n ti ń ta tíì ló nawọ́ sí, níbi tí ọkùnrin kan ti ń jẹ sọ́sééjì. Èmi ti sún sí apá òsì rẹ̀, kò sì mọ̀. Òyìnbó náà ń wo ọlọ́sọ́sééjì, ó ń wò mí. Mo rọra gba iwájú wọn kọjá, mo lọ dúró síbi tí ìka rẹ̀ nà sí.